Òfin Kíláàsì Lítíréṣọ̀ Tí Mo Kọ̀ Láti Nù Kúrò Lójú Pátákó

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí a wọlé fún sáà kejì, tí mo mú ṣọ́ọ̀kì, tí mo sì kọ òfin kíláàsì lítíréṣọ̀ sí apá òsì pátákó àwọn SS2. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò tíì dé. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, mi ò mọ èwo ni kí n gbọ́ tirẹ̀. Mo ti parí yunifásítì, mo ti sìnlú, iṣẹ́ yìí sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà mí sí láìjẹ́ pé mo mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà á ní kí ẹni tó wà nípò mi rọra ṣe. Mi ò rọra ṣe. Ní báyìí, ọ̀gá ilé-ìwé ti ní tí òfin náà bá ṣì wà lójú pátákó lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, kí n gbé báàgì mi kí n máa lọ.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, ẹ sún mọ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún kò lẹ́nu láti máa sọ pé "láyé ìgbà tiwa." Bí mo bá sọ ọ́ nílé, bàbá mi á ní, "Ayé ìgbà wo? Èyí tí o fi ń tọ̀ sórí ẹní?" Ìtìjú á sì mú mi. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yára kú, ẹni tó rí i láàyè ti di àgbà níbẹ̀ nìyẹn, ì báà má tíì hu ewú kan. Mo rí kíláàsì kan láàyè. N ó sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹ tó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ilé-ìwé ìjọba tí mo lọ wà lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá ní Ìkẹjà. A ò nílò aago nígbà náà. Fèrè ilé-iṣẹ́ aṣọ tó fara ti ògiri wa ló ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́, òun náà ló ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ti òwúrọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wọn a máa mi fèrèsé wa. Láti ìhà kejì, òórùn bisikíìtì gbígbóná a máa wọlé wá bá wa, ebi á sì pa odidi kíláàsì láàárín ewì. Ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn ti kógbá sílé. Wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ síbẹ̀ báyìí. Mo gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá, ẹ̀ṣọ́ kan ló jókòó lẹ́nu géètì tó ń tẹ fóònù. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ lọ́nà tó dùn mí. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣàárò ariwo.

Nínú ariwo yẹn ni Bàbá Lítíréṣọ̀ ti kọ́ wa. Orúkọ tí a fún olùkọ́ wa nìyẹn. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn kì í sì í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú ooru. Bí inú bá bí wọn, èdè ìlú wọn á jáde, a ò ní gbọ́ ju ìlàjì lọ, ìlàjì tí a ò gbọ́ yẹn ló sì máa ń bà wá lẹ́rù jù.

Òfin wọn ò jọ ti olùkọ́ mìíràn. Wọn kì í sọ pé kí a dákẹ́. "Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbé ohùn sókè, ìwọ náà gbé tìrẹ sókè. Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rọ lẹ́nu jù ọ́ lọ?" Bí rélùwéè bá ń kọjá, tí ohùn ènìyàn ò lè borí rẹ̀, gbogbo wa á fi ìka lé ìlà tí a kà dé, a ó dúró jẹ́ẹ́ títí ìrù rẹ̀ á fi lọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá yẹ̀ ni yóò ka ojú ewé tó kàn. Ẹni tó bá pẹ́ dé kì í kúnlẹ̀. Á dúró níwájú, á sọ ohun tó rò pé ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn kí òun tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan pa ènìyàn mẹ́ta nínú ìwé kan láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. "Lọ jókòó," ni Bàbá wí, "kí o má baà pa èmi náà." Ènìyàn láyè láti sọ pé ìwé ò dùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ojú ewé tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú u.

Ìwé kan ni bẹ́ǹṣì kan ń lò. Èyí tó kan bẹ́ǹṣì tiwa, àwọn ewé kan ti já láàárín rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi wọ́n di àkàrà. Kàkà kí a tọrọ ti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, a fi ọwọ́ ara wa dí ihò náà. A ní ọkọ̀ ojú omi dojú dé níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ìtàn dá lé lórí sì bá a lọ. A gba ara wa gbọ́ débi pé nígbà tí ìdánwò dé, gbogbo wa tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà la kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dojú dé. Nínú ìwé gan-an, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ò kúrò nílé rárá. Ìyàwó ló ń gbé. Òdo rogodo ni Bàbá fún wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a bọ́ síwájú wá ṣe eré ọkọ̀ náà fún kíláàsì. "Ẹ purọ́ mọ́ ẹni tó kọ̀wé," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ẹ ò sùn nídìí ìwé." Òdo yẹn dùn mí, ọ̀rọ̀ yẹn sì mú orí mi wú. Ẹ̀dùn àti ìwúrí náà pọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè jẹun ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n òfin kan ló jẹ́ ìyá gbogbo wọn, òun ló sì dá wàhálà mi sílẹ̀. Ìbéèrè ilé la máa ń pè é. Lọ́jọ́ Ẹtì, olúkúlùkù á lọ sílé lọ fi Yorùbá, tàbí èdè yòówù tí wọ́n bá ń sọ nílé rẹ̀, sọ ohun tí a kà fún àgbàlagbà kan. Lọ́jọ́ Ajé, á mú ìbéèrè tí àgbàlagbà náà béèrè padà wá. Ẹni tí kò bá mú ìbéèrè wá kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. "Ohun tí o ò bá lè sọ fún ìyá rẹ kó yé e," ni Bàbá máa ń wí, "o ò tíì kà á. O kàn gbójú kọjá lórí rẹ̀ ni."

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú nígbà yẹn. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé wọn lọ, òun ló ń gbé wọn bọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, èmi ni n ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú wọn, n ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ìtàn ọmọbìnrin kan tó sá kúrò nílé àbúrò ìyá rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dá ọwọ́ dúró lórí àwo.

"Dúró ná. Nígbà tó sá lọ, oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́?"

"Oúnjẹ wo, Dádì?"

"Èyí tí wọ́n bù sílẹ̀ dè é. Ta ló jẹ ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí láti gbé ìbéèrè oúnjẹ lọ sí kíláàsì, mo tiẹ̀ rò ó pé kí n dá òmíràn tó gbayì ṣe fúnra mi. Lọ́jọ́ Ajé, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n ariwo ni ẹ̀rín náà padà dà. Àwọn kan ní ìkà ni àbúrò ìyá ọmọ náà, kò lè bu oúnjẹ dè é. Àwọn kan ní ó bù ú. Ká tó mọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ti ń tú ìwé, wọ́n ń wá àwo. Ìjà yẹn ò parí títí a fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Mo ṣì lè sọ ìtàn náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwo oúnjẹ yẹn ló so ó mọ́ mi lórí.

Níparí ọdún, a máa ń ṣeré. Àpò ìyẹ̀fun la fi ń rán aṣọ ìjòyè, páálí bisikíìtì la fi ń ṣe adé. Àwọn òbí á wọlé tààrà láti ibi iṣẹ́, wọn ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, òwú á ṣì wà nínú irun àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ. Lọ́dún kan, adé ọba já bọ́ nígbà tó ń dájọ́ ikú fún ẹnì kan. Ìyá kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Kábíyèsí, Ọlọ́run ò fọwọ́ sí i o! Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!" Ọba dáríjì í lóòótọ́, eré sì bàjẹ́ pátápátá, torí ikú ọkùnrin yẹn ni gbogbo ìyókù dúró lé. Bàbá Lítíréṣọ̀ jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn.

N kò ní tàn yín. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹni tó bá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, etí ló fi ń ka ìwé ju ojú lọ. Àwọn kan ò ní àgbàlagbà tó ráyè gbọ́ wọn nílé, wọ́n á sì dákẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ìdákẹ́ wọn a máa dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ wo tiyín, ẹ̀yin àbúrò mi. Ìwé ti pọ̀, fóònù wà lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ kí ìwé tó dé kíláàsì ni pọ́ìntì ti dé: ìwé pẹlẹbẹ kan tó sọ fún yín ohun tí ẹ máa rò. Mo bi ọmọ kan ní SS2 lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, nígbà tí sáà àkọ́kọ́ ń parí lọ, pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn tí wọ́n kà ní sáà náà. Ó sọ kókó ọ̀rọ̀ márùn-ún láìmí. Mo ní, "Kí ni orúkọ ìyá ọmọ náà?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní orúkọ ìyá tèmi. Oúnjẹ tí ẹlòmíràn bá bá ni rún lẹ́nu kì í yó ni. Èmi gan-an ló sọ ọ́ báyìí, mi ò mọ̀ bóyá àwọn àgbà ti sọ ọ́ rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ṣọ́ọ̀kì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ilé-ìwé aládàáni ni ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Agége, kò jìnnà sí ojú irin. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé, tí wọ́n ka òfin Ìbéèrè ilé tí mo kọ, Tọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ọmọ onílẹ̀ ni Tọ́pẹ́, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu.

"Anti, ṣé kí n máa pa àlọ́ fún dádì mi? Wọ́n á ní mo ti ń mu nǹkan."

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o mu ún."

Ràmọ́ta, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní, "Ìyá àgbà mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, Anti."

"Àwọn gan-an ni mò ń wá."

Ìwé tí a ń kà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ta ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ wá di ọlọ́dẹ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbéèrè tó wá ò lórí. Ọ̀kan ní ṣé wọ́n fún ọlọ́dẹ náà ní bàtà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, Ràmọ́ta dìde.

"Ìyá àgbà mi ní, nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀ yẹn, ibo ni wọ́n kó àwọn òkú wọn sí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti ka ìwé yẹn ní yunifásítì, mo ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn lé e lórí, ibojì ò wá sí mi lọ́kàn rí. Tọ́pẹ́ fò dìde.

"Kí ló kan ìyá àgbà ẹ níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀ tiwọn ni?"

"Ìwé la ń sọ, Tọ́pẹ́," ni Ràmọ́ta fèsì. "Ṣé o wà nínú ìwé ni?"

Ni gbogbo kíláàsì bá gbiná. Wọ́n ń fi Yorùbá jà, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà, wọ́n ń tú ìwé, wọ́n ń wá ibojì. Kí n sọ òtítọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú, mo sì kọjú sí pátákó kí wọ́n má baà rí i.

Ọjọ́rú ni Alhájà ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ni ọ̀gá ilé-ìwé wa, àwọn náà ló sì ni ín.

"Mísì, jókòó. Bàbá Tọ́pẹ́ pè mí. Ó ní ọmọ òun ń bi òun lórí oúnjẹ pé ibo ni ibojì bàbá bàbá òun wà. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, òun máa kó ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò."

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìbéèrè inú ìwé ni."

"Nínú ilé ẹni ẹlẹ́ni ló balẹ̀ sí. O mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa ilẹ̀ ìdílé yẹn?"

"Rárá mà."

"Ó dára kí o má mọ̀ ọ́n." Wọ́n ti ìwé kan sí mi: òfin tuntun fún kíláàsì lítíréṣọ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí á máa sọ. Kí pọ́ìntì dé ọwọ́ ọmọ kí ìwé tó dé e. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá má ṣe kan òbí. "Fọwọ́ sí i, kí o nu ti ojú pátákó yẹn."

"Mi ò ní nù ún, Alhájà."

Mo ti ìwé náà padà sórí tábìlì wọn láì fọwọ́ sí i.

"Èmi náà fẹ́ràn ìtàn," ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́. "Ìyá mi ló pa àlọ́ fún mi dàgbà. Ṣùgbọ́n òbí ò mú ọmọ wá síbí kó wá máa tú ilé wọn wò. Kó yege ni wọ́n ní kí n rí sí. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì. Bí o ò bá nù ún, ẹlòmíràn á nù ún."

Mi ò kórìíra Alhájà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, wọ́n sì ní ẹ̀rù tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiwọn kọ́ ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ.

Ọ̀sán òní, Ọjọ́bọ̀, Tọ́pẹ́ dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù jáde. Mo rò pé ó fẹ́ wá bẹ̀ mí nítorí bàbá rẹ̀.

"Anti, dádì mi ò dáhùn. Wọ́n ní kí n jẹ oúnjẹ mi."

"Má bínú, Tọ́pẹ́."

"Ṣùgbọ́n ìyá dádì mi dáhùn. Wọ́n pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ní ẹni méjì péré ni wọ́n hú nígbà tí ìdílé wa ta ilẹ̀. Àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ kọnkéré. Wọ́n dárúkọ wọn fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn rí." Ó gbé ojú sókè, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹ́ dá Ràmọ́ta lóhùn. Mo ti mú ìbéèrè ìyá dádì mi náà wá: ọlọ́dẹ inú ìwé yẹn, ṣé ó mọ orí ẹni tó ń rìn lé?"

Mo ní kó máa lọ sílé. Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mo rí nìyí.

Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé Alhájà, n ó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni n ó dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu Tọ́pẹ́. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ, ẹlòmíràn á sì pín pọ́ìntì fún un. Ìyá mi ní kí n fọwọ́ sí i, kí n máa ṣe tèmi lábẹ́lẹ̀. Bàbá mi ní ẹni tó bá ń ṣe òótọ́ lábẹ́lẹ̀, irọ́ ló ń kọ́ ọmọ. Èmi ń rò ó pé kí n lọ bá bàbá Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ nílé lọ́la kí aago ilé-ìwé tó lù, kí n sọ ìwé yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, ojú kojú. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò sì mọ̀ bóyá ìgboyà ni tàbí àfojúdi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fọwọ́ sí i ni, àbí kí n gbé báàgì mi, àbí kí n lọ kanlẹ̀kùn bàbá Tọ́pẹ́? Ẹ lè ní mo gbójú. Ẹ lè ní mi ò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n sọ fún ọmọ yẹn pé kó jẹ oúnjẹ rẹ̀.